Orí Kẹta: Ìṣirò Ìrìn Tí Àlékún Ìyára Rẹ̀ Kì Í Yí Padà

Ìfáárà

Nínú orí tí ó ṣáájú èyí, a ti sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ń rìn ní ìyára kan ṣoṣo, tí kì í yára sí i, tí kì í sì í falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá la ojú rẹ̀ wo ayé dáadáa yóò rí i pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ọkọ̀ tí ó gbéra ní gáréèjì ní láti kúrò lórí ìdúró kí ó tó di eré, ọkọ̀ tí ń sáré ní láti dín eré rẹ̀ kù kí ó tó lè dúró, àgbọn tí ó sì já lórí igi kì í fi ìyára kan náà rin gbogbo ọ̀nà rẹ̀ títí fi dé ilẹ̀. Ìrìn tí ìyára rẹ̀ ń yí padà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú orí yìí, pàápàá jù lọ èyí tí ìyára rẹ̀ ń yí padà ní ìwọ̀n kan náà láti ìṣẹ́jú àáyá kan dé òmíràn.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ṣinṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ orí yìí dé òpin rẹ̀: ohun márùn-ún péré ni ó wà nínú gbogbo ìṣirò yìí, ẹni tí ó bá sì ti mọ mẹ́ta nínú wọn ti ní kọ́kọ́rọ́ méjì tí ó kù lọ́wọ́. Àṣìṣe tí ń bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fínra kì í sábà ti inú ìròpọ̀ àti ìyọkúrò wá. Inú ìkánjú ni ó ti ń wá, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ka ìbéèrè tán tí ó ti ń wá ìdọ́gba tí yóò lò kiri. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mímọ ohun tí a fún wa àti ohun tí a ń wá ni ẹ̀tẹ̀ inú iṣẹ́ yìí. Ìṣirò tí ó tẹ̀ lé e, làpálàpá lásán ni.

1. Ìyára àti Àlékún Ìyára

Ìyára ni ìwọ̀n ọ̀nà tí nǹkan ń rìn nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, pa pọ̀ pẹ̀lú ìhà tí ó kọjú sí. Bí a bá wí pé ọkọ̀ kan ń rìn ní mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí a máa ń kọ ní 15 m/s, a ti sọ bí ó ti ń yára tó. Bí a bá sì fi kún un pé Èkó ni ó kọjú sí, pé kì í ṣe Ìbàdàn, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyára rẹ̀ tó pé.

Àlékún ìyára ni iye tí ìyára fi ń yí padà nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ọkọ̀ kan bá gbéra láti orí ìdúró, tí ìyára rẹ̀ di 2 m/s lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kìn-ín-ní, tí ó di 4 m/s lẹ́yìn èkejì, tí ó sì di 6 m/s lẹ́yìn ẹ̀kẹta, 2 m/s ni ó ń gorí ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ àlékún náà ní 2 m/s². Ọ̀rọ̀ náà rí bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ń dá àjọ, tí ń san iye kan náà lójoojúmọ́: owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ kì í dúró lójú kan, ṣùgbọ́n iye tí a ń fi kún un lójúmọ́ kì í yí padà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, díẹ̀ díẹ̀ náà sì ni ìyára ń di ńlá.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe ka ìyára àti àlékún ìyára sí ohun kan náà. Ọkọ̀ òfuurufú tí ó ti gòkè tán, tí ń fò tààrà ní ìyára kan ṣoṣo, ìyára rẹ̀ pọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ òdo ni àlékún rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù tí a jù sókè, ní àkókò tí ó dé téńté òkè gẹ́lẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀, òdo ni ìyára rẹ̀, síbẹ̀ àlékún rẹ̀ kò yẹ̀ rárá, nítorí pé òòfà ilẹ̀ kò fi í sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìyára bá ń dín kù dípò kí ó máa lé sí i, a kò ní wá orúkọ mìíràn fún un nínú ìṣirò. Àmì ìyọkúrò ni a ó fi sí iwájú nọ́ńbà náà, tí a ó kọ ọ́, fún àpẹẹrẹ, ní −5 m/s².

2. Ohun Márùn-ún Náà

Lẹ́tà tí a fi ń dúró fún ohun márùn-ún náà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nìyí, àwọn náà ni a ó sì máa lò:

u ni ìyára ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí nǹkan náà ní nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí ka àkókò rẹ̀.
v ni ìyára ìparí, èyí tí ó ní nígbà tí a dá kíkà dúró.
a ni àlékún ìyára, tí kì í yí padà láàárín ìgbà méjèèjì.
t ni àkókò tí ó kọjá, ní ìṣẹ́jú àáyá.
s ni ìjìnnà ibi tí nǹkan náà dé sí ibi tí ó ti gbéra, ní mítà, pẹ̀lú ìhà tí ó wà.

3. Bí A Ṣe Rí Àwọn Ìdọ́gba

Ẹni tí ó há ìdọ́gba sórí láìmọ ibi tí ó ti wá yóò pàdánù rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fi sùúrù tọ ipa wọn.

Bí ìyára bá ń fi a lé sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá t, iye tí yóò ti lé sí i ni a tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú t. Bí a bá sì ro èyí mọ́ ìyára tí ó ní tẹ́lẹ̀, a ó rí ìdọ́gba kìn-ín-ní:

(1) v = u + at

Nítorí pé ìyára náà ń lé sí i ní ìwọ̀n kan náà, tí kò fò, tí kò sì dúró, ìpíndọ́gba rẹ̀ ní láti bọ́ sí àárín gbùngbùn u àti v. Bí a bá sì sọ ìpíndọ́gba ìyára di púpọ̀ pẹ̀lú àkókò, ọ̀nà tí a rìn ni a ó rí:

(2) s = ½(u + v)t

Bí a bá mú v kúrò nínú ìdọ́gba kejì, tí a fi u + at rọ́pò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdọ́gba kìn-ín-ní ti wí, a ó ní:

(3) s = ut + ½at²

Bí ó bá jẹ́ t ni a fẹ́ lé jáde, ìdọ́gba kìn-ín-ní sọ fún wa pé t = (v − u)/a; bí a bá fi èyí sí ipò t nínú ìdọ́gba kejì, tí a sì tún un tò, ohun tí a ó rí ni:

(4) v² = u² + 2as

Bí ó bá sì jẹ́ u ni a kò fẹ́ rí, a ó fi v − at rọ́pò rẹ̀ nínú ìdọ́gba kejì:

(5) s = vt − ½at²

Ẹ wo àwọn márààrún dáadáa, ẹ ó sì rí àṣírí tí ó wà níbẹ̀: ohun kan péré ni ó ṣaláìsí nínú ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan. Nínú ti kìn-ín-ní, s kò sí. Nínú ti kejì, a kò sí. Nínú ti kẹta, v kò sí. Nínú ti kẹrin, t kò sí. Nínú ti karùn-ún, u kò sí. Nítorí náà, bí ìbéèrè kan bá fún ọ ní ohun mẹ́ta tí ó sì ní kí o wá ẹ̀kẹrin, wo èyí tí ìbéèrè náà kò dárúkọ rárá, ìdọ́gba tí kò ní ohun náà nínú sì ni yóò gbà ọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òótọ́ ni, ènìyàn sì lè gba ìdọ́gba méjì tàbí mẹ́ta kọjá kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí kò sí yóò gba ọ̀nà àbùjá.

4. Bí Aráyé Ṣe Dé Ìdí Ọ̀rọ̀ Yìí

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni a mọ nǹkan wọ̀nyí. Aristotle, ọ̀jọ̀gbọ́n ilẹ̀ Gíríìsì ìgbàanì, kọ́ni pé bí nǹkan bá ti wúwo sí ni yóò ti yára já bọ́ sí, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì di ẹ̀kọ́ náà mú fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ní sẹ́ńtúrì kẹrìnlá, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Merton College ní Oxford ronú kan òtítọ́ tí ó wà nínú ìdọ́gba wa kejì, pé ohun tí ìyára rẹ̀ ń lé sí i déédéé yóò rin iye ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ohun tí ń fi ìyára àárín gbùngbùn rìn. Nicole Oresme, ará Faransé, sì fi àwòrán ṣe àlàyé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Galileo, ọmọ ìlú Pisa ní Ítálì, tí a bí ní ọdún 1564, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n tí ó fi dájú. Ohun tí ó bá já bọ́ tààrà ń yára ju ohun tí ojú àti ọwọ́ lè bá lọ ní ìgbà tirẹ̀, nítorí náà ó mú pákó gígùn kan, ó gbẹ́ ojú ọ̀nà tóóró tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ sí i lára, ó dán ojú ọ̀nà náà, ó fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ inú rẹ̀, ó gbé orí kan rẹ̀ sókè díẹ̀, ó sì ń yí ọta idẹ róbótó kan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Agogo tí ó lè ka ìṣẹ́jú àáyá dáadáa kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ni ó lò. Ó jẹ́ kí omi máa dà tín-ín-rín láti inú ìkòkò ńlá sínú ife kékeré ní gbogbo ìgbà tí ọta náà fi ń yí, lẹ́yìn náà ni ó wọn omi náà lórí òṣùwọ̀n, ìwúwo omi sì di ìwọ̀n àkókò fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún ìgbà gbáko ni òun tún un ṣe, kò sì yẹ̀.

Ohun tí ó rí ni pé bí àkókò bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọta náà rìn di ìlọ́po mẹ́rin. Bí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bí a bá sì pe ọ̀nà tí ó rìn ní ìdá àkókò kìn-ín-ní ní 1, èyí tí ó rìn ní ìdá kejì nìkan jẹ́ 3, ti kẹta jẹ́ 5, ti kẹrin jẹ́ 7. Ìdọ́gba kẹta ni eléyìí, nígbà tí u bá jẹ́ òdo. Ó tẹ iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé kan ní Leiden, ní Nẹ́dálándì, ní ọdún 1638, nígbà tí wọ́n ti há a mọ́ inú ilé rẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Ní ti ẹ̀kọ́ Aristotle pé ohun tí ó wúwo jù ni yóò yára já bọ́ jù, ní ọdún 1971, David Scott, tí ó bá Apollo 15 lọ sí orí òṣùpá, dúró níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ó jọ̀wọ́ òòlù àti ìyẹ́ ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì jọ balẹ̀.

5. Ìlànà Iṣẹ́

Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ wíwẹ̀ nínú ìṣirò yìí ni ìgbésẹ̀ márùn-ún tí ó tẹ̀ lé èyí, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan nínú wọn.

Èkíní, ka ìbéèrè náà tán, kí o sì ya àwòrán ráńpẹ́ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Èkejì, yan ìhà kan tí ìwọ yóò ka nọ́ńbà rẹ̀ sí ti àfikún, kí gbogbo ohun tí ó bá kọjú sí òdì kejì sì gba àmì ìyọkúrò. Ẹ̀kẹta, kọ u, v, a, t, s sílẹ̀ ní ọ̀wọ́, kí o fi iye tí a fún ọ sí iwájú wọn, kí o sì fi àmì ìbéèrè sí iwájú èyí tí o ń wá. Kí gbogbo ọ̀nà sì wà ní mítà, kí gbogbo àkókò wà ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀kẹrin, yan ìdọ́gba tí kò ní ohun tí a kò dárúkọ nínú, kí o sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, bi ara rẹ léèrè bóyá ìdáhùn náà bá ojú ayé mu, nítorí pé ọkọ̀ akẹ́rù kì í sáré ju ọta ìbọn lọ, àkókò kò sì lè kéré sí òdo.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìbéèrè kì í sábà sọ gbangba. Bí wọ́n bá ní nǹkan “gbéra láti orí ìdúró”, ohun tí wọ́n ń wí ni pé u = 0; bí wọ́n bá ní ó “dúró”, v = 0; bí wọ́n bá ní a “jọ̀wọ́” nǹkan láti òkè, u = 0, àlékún rẹ̀ sì ni ti òòfà ilẹ̀, tí a ń kọ ní g, tí iye rẹ̀ sì tó 9.8 m/s². Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fi mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

6. Àwọn Àpẹẹrẹ

Àpẹẹrẹ kìn-ín-ní. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbéra láti orí ìdúró, àlékún ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 2 m/s² fún ìṣẹ́jú àáyá 8. Kí ni ìyára rẹ̀ ní ìparí, báwo sì ni ó ṣe jìnnà tó?

A mọ̀ pé u = 0, a = 2, t = 8. Láti wá v, s ni a kò dárúkọ, ìdọ́gba (1) ni a ó lò: v = 0 + 2 × 8 = 16 m/s. Láti wá s láìlo v, ìdọ́gba (3) ni: s = 0 + ½ × 2 × 64 = 64 m.

Àpẹẹrẹ kejì. Awakọ̀ kan ń bọ̀ ní kìlómítà 54 ní wákàtí kan, ó rí màlúù tí ó dúró sí àárín títì ní mítà 60 níwájú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan kọjá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì. Láti ìgbà náà, ìyára rẹ̀ ń dín kù ní 5 m/s² títí tí ó fi dúró. Ǹjẹ́ yóò gba màlúù náà? Bí ó bá jẹ́ kìlómítà 108 ní wákàtí kan ni ó ń sá ńkọ́?

Kìlómítà 54 jẹ́ mítà 54,000, wákàtí kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,600. Bí a bá pín èkíní pẹ̀lú èkejì, a ó rí 15 m/s. Nínú ìṣẹ́jú àáyá kan tí kò tíì tẹ bíréèkì, ìyára rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà ó ti rin mítà 15. Nígbà tí ó tẹ̀ ẹ́, u = 15, v = 0, a = −5, a sì ń wá s; t ni a kò dárúkọ, ìdọ́gba (4) ni: 0 = 225 − 10s, s = 22.5 m. Àpapọ̀ ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ mítà 37.5. Ó ti dúró kí ó tó dé ọ̀dọ̀ màlúù, ó sì ku mítà 22.5.

Ẹ wá wo ti kìlómítà 108, èyí tí í ṣe 30 m/s. Kí ó tó tẹ bíréèkì, ó ti rin mítà 30. Lẹ́yìn náà, 0 = 900 − 10s, s = 90 m; àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 120. Ìyára di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bíréèkì gbà di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé u² ni ó wà nínú ìdọ́gba náà, kì í ṣe u lásán. Nígbà tí ó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ màlúù, mítà 30 péré ni ó ti fi bíréèkì rìn: v² = 900 − 2 × 5 × 30 = 600, v sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 24.5 m/s, èyíinì ni nǹkan bíi kìlómítà 88 ní wákàtí kan. Ìyára yìí ni ó fi máa kọ lù ú, bí ó tilẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì bọ̀ láti mítà 30 ṣáájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko; ẹni tí ó bá ń wakọ̀ ní ojú ọ̀nà wa, kí ó fi ìṣirò yìí sọ́kàn ju kí ó fi í sínú ìwé lọ.

Àpẹẹrẹ kẹta. Ọkọ̀ ojú irin kan gbéra ní ibùdó kan, àlékún rẹ̀ jẹ́ 0.5 m/s² fún ìṣẹ́jú àáyá 40. Ó fi ìyára tí ó ní nígbà náà rìn fún ìṣẹ́jú àáyá 60. Lẹ́yìn náà ó dín ìyára rẹ̀ kù ní 1 m/s² títí tí ó fi dúró ní ibùdó kejì. Mítà mélòó ni ó wà láàárín ibùdó méjèèjì?

Àlékún ọkọ̀ yìí kò dúró lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni tí ó bá sì kó gbogbo ìrìn náà sínú ìdọ́gba kan yóò ṣìnà. Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín in sí, tí ìyára ìparí ọ̀kan yóò di ìyára ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ní apá kìn-ín-ní, v = 0.5 × 40 = 20 m/s, s = ½ × 0.5 × 1600 = 400 m. Ní apá kejì, s = 20 × 60 = 1200 m. Ní apá kẹta, 0 = 400 − 2s, s = 200 m. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1800.

Àpẹẹrẹ kẹrin. Ní Dùgbẹ̀, ní ìlú Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, ni Cocoa House wà, ilé àwòṣífìlà tí owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa kọ́, tí a parí ní ọdún 1965, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Ká ní a lè ju òkúta kan sókè tààrà láti téńté orí rẹ̀ ní 20 m/s, kí ó sì bọ̀ wá sí ilẹ̀ láìfara kan ilé náà, lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò balẹ̀? Kí a mú g ní 10 m/s², kí a sì mójú kúrò lára afẹ́fẹ́.

Òkè ni a ó kà sí ìhà àfikún. Nítorí náà u = 20, a = −10, nítorí pé ilẹ̀ ni òòfà kọjú sí, s sì jẹ́ −105, nítorí pé ibi tí òkúta náà parí ìrìn rẹ̀ sí wà ní ìsàlẹ̀ ibi tí ó ti gbéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò fẹ́ pín ìrìn yìí sí méjì, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kò pọn dandan, nítorí pé àlékún rẹ̀ kò yí padà ní òkè, kò sì yí padà ní ìsàlẹ̀. Ìdọ́gba (3) tó fún un:

−105 = 20t − 5t²

Bí a bá fi 5 pín gbogbo rẹ̀, tí a sì tún un tò, a ó rí t² − 4t − 21 = 0, èyíinì ni (t − 7)(t + 3) = 0. Ìdáhùn méjì ni ó jáde: t = 7 àti t = −3. A ó mú 7, a ó sì fi −3 sílẹ̀, nítorí pé a kò tíì ju òkúta náà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán ni −3 yẹn ń sọ: bí ẹnìkan bá ti ju òkúta kan sókè láti ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ṣáájú, ní 50 m/s, yóò kọjá ní téńté ilé náà gẹ́lẹ́ ní 20 m/s ní àkókò tí a jù tiwa. Ìdọ́gba kò mọ ọwọ́ tí ó ju òkúta; ìrìn nìkan ni ó mọ̀. Ìwọ tí o ka ìbéèrè ni yóò sọ èyí tí ó yẹ.

Láti dán ìdáhùn náà wò, ìyára ìparí rẹ̀ jẹ́ v = 20 − 10 × 7 = −50 m/s. Ìdọ́gba (4) náà sọ pé v² = 400 + 2 × 10 × 105 = 2500, iye tí 50 ń fúnni bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Àmì ìyọkúrò tí ó wà níwájú 50 ń sọ pé ilẹ̀ ni ó kọjú sí. Ìdí sì nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọdọ̀ ju ohunkóhun láti orí ilé gíga, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

7. Ibi Tí Àwọn Ìdọ́gba Yìí Kò Ti Ṣiṣẹ́

Irinṣẹ́ tí ó dára ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo irinṣẹ́ ni ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí àlékún ìyára bá ń yí padà láàárín ìrìn, wọn kò lè jẹ́ òótọ́ fún gbogbo ìrìn náà. Ewé tí ó já lára igi kì í bọ̀ ní 9.8 m/s², nítorí pé afẹ́fẹ́ ń dá a dúró. Òjò pẹ̀lú, lẹ́yìn tí ó bá ti jábọ́ díẹ̀, afẹ́fẹ́ ti tó fún un débi pé ìyára rẹ̀ kì í lé sí i mọ́. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ kan ìdọ́gba kankan, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ: ǹjẹ́ àlékún yìí kò yí padà ní tòótọ́? Bí ó bá yí padà lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré, pín ìrìn náà sí apá apá bí a ti ṣe fún ọkọ̀ ojú irin. Bí ó bá ń yí padà nígbà gbogbo, ẹ̀kọ́ mìíràn ni yóò yanjú rẹ̀.

8. Ìdánrawò

1. Ọ̀kadà kan gbéra láti orí ìdúró ní 3 m/s² fún ìṣẹ́jú àáyá 6. Wá ìyára rẹ̀ àti ọ̀nà tí ó rìn.

2. Àgbọn kan já láti orí igi ní gíga mítà 19.6. Mú g ní 9.8 m/s², kí o sì wá àkókò tí ó gbà àti ìyára tí ó fi balẹ̀.

3. Ọkọ̀ tí ń rìn ní kìlómítà 72 ní wákàtí kan tẹ bíréèkì, ó sì dúró lẹ́yìn mítà 50. Wá àlékún ìyára rẹ̀ àti àkókò tí ó gbà.

4. Bí ọkọ̀ akẹ́rù tí ń rìn ní 15 m/s láìyí padà ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà kan tí ó dúró, ọ̀kadà náà gbéra tẹ̀ lé e ní 3 m/s². Ìgbà wo ni yóò bá a, níbo sì ni?

5. A ju bọ́ọ̀lù kan sókè láti ilẹ̀ ní 30 m/s. Mú g ní 10 m/s². Ìgbà wo ni yóò wà ní gíga mítà 40? Ṣàlàyé ìdí tí ìdáhùn méjèèjì fi tọ̀nà.

Ìdáhùn: (1) 18 m/s, 54 m. (2) ìṣẹ́jú àáyá 2, 19.6 m/s. (3) −4 m/s², ìṣẹ́jú àáyá 5. (4) ìṣẹ́jú àáyá 10, ní mítà 150. (5) ìṣẹ́jú àáyá 2 nígbà tí ó ń gòkè, ìṣẹ́jú àáyá 4 nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀.

Bí ìdáhùn rẹ bá yàtọ̀ sí ti ìwé yìí, má ṣe kàn pa á rẹ́ kí o kọ ti ìwé rọ́pò rẹ̀. Padà sí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní, tún ìbéèrè náà kà, kọ ohun márùn-ún náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì wọn, kí o sì tún un ṣe títí tí ìwọ fúnra rẹ yóò fi rí ibi tí ọ̀nà ti yà.